Ilẹ̀ Ilé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò, Kí Ẹ Tó Wo Ajá

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé Ọ̀tà àti Sàngó, ẹ̀yin tí ẹ ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ nígbà tí àwọn aládùúgbò ń mu ẹ̀kọ àárọ̀, ẹ fún mi létí. Ọ̀rọ̀ kòkòrò kan ni mo fẹ́ bá yín sọ: yọ́rọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ń pè ní iná ajá. Kì í pariwo, kì í sì í ba ohun ìní jẹ́ bí eku. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fojú di í títí yóò fi gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́, tí ọmọdé kò ní lè jókòó sílẹ̀, tí àlejò yóò máa họ ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ajá pọ̀ ládùúgbò wa, ó sì ní ìdí. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà Ìdìrókò, láti Ìyànà-Ìyẹsí títí dé Àtan, àti ní Àgbàrà, bẹ́ẹ̀ ni ayálégbé ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni olè náà kò sinmi. Ẹni tó kọ́ yàrá méjì sí Ìjọkò tàbí Ìtẹ̀lé, tí kò tíì rí owó mọ odi yí i ká, ajá ló máa kọ́kọ́ wá. Ẹni tí eku ń jẹ gààrí rẹ̀ nínú àpò á wá ológbò. N kò bá yín wí nítorí pé ẹ ń sin ẹran. Láti ayé àwọn ọdẹ ni àwa ti ń bá ajá gbé. Ṣùgbọ́n ẹran tí a bá ti mú wọlé, tí a so mọ́lẹ̀, tí kò lè dá wá oúnjẹ tàbí ibi sùn fún ara rẹ̀, ọrùn wa ni ìyà àti ìgbádùn rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀.

Mo ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa ń ṣe bí yọ́rọ́ bá dé. Ẹnì kan á ra ọ̀tapíàpíà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, á dà á sára ajá láti orí dé ìrù. Òmíràn á da kẹrosíìnì lé e, tàbí òróró dúdú tí mẹkáníìkì tú jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹlòmíràn á fi okùn fa ajá jáde, á lọ tú u sílẹ̀ létí títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé yóò ti tẹ̀ ẹ́ pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí onítọ̀hún bá padà délé, yọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Ìjẹ náà á tún le sí i, nítorí pé ajá tí wọ́n ń jẹ lára rẹ̀ ti lọ, ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ló ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá kòkòrò náà mọ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tó ń bá jà á kàn máa náwó ni. Eégbọn kì í fò. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ etí ajá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, á mu ẹ̀jẹ̀ títí ikùn rẹ̀ yóò fi wú. Ìdun kì í tẹ̀ lé ajá kiri. Inú ìránpọ̀ fóòmù àti ihò pákó bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí, òru ló sì ń jáde. Yọ́rọ́ ní tirẹ̀ pẹlẹbẹ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ó lè rọra rìn láàárín irun. Kò ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára débi pé ó lè fò kọjá 20 sẹ̀ǹtímítà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọrùn ẹsẹ̀ àti ojúgun ló ti máa ń jẹ ènìyàn, ojú ìjẹ méjì mẹ́ta á sì wà nítòsí ara wọn. Lára ajá, ìdí ìrù, ikùn àti ẹ̀yìn itan ni kí ẹ wò.

Bí ẹ kò bá rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ẹ gbé ajá tàbí ológbò náà dúró sórí aṣọ funfun, kí ẹ fi òòyà tí eyín rẹ̀ súnmọ́ra ya irun ìdí ìrù rẹ̀. Bí ohun dúdú wínníwínní bá já sílẹ̀, ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ erùpẹ̀ lásán, dúdú náà ni yóò wà. Bó bá yọ pupa, ìgbẹ́ yọ́rọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹran yín tí ó mu ni ó yà jáde. Àyẹ̀wò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì ní tàn yín jẹ.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń gbé ayé rẹ̀, nítorí ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà fìdí kalẹ̀ sí. Ara ẹran ni yọ́rọ́ tó ti dàgbà ti ń jẹun. Láàárín ọjọ́ méjì tí abo rẹ̀ bá kọ́kọ́ mu ẹ̀jẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, ó sì lè yé 40 sí 50 lójúmọ́. Ẹyin náà kò lẹ̀ mọ́ irun. Ń ṣe ni ó ń já bọ́ níbikíbi tí ajá bá rìn dé, tó bá dùbúlẹ̀ sí, tó bá gbọn ara sí: orí rọ́ọ̀gì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àárín tìmùtìmù àga, ihò tó wà nínú sìmẹ́ńtì tó ti là. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìdin tín-ín-rín á jáde nínú ẹyin. Ìdin yìí kò mu ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Ó kórìíra ìmọ́lẹ̀, inú òkùnkùn ló ń sá lọ, ìgbẹ́ àwọn òbí rẹ̀ tó já sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ inú rẹ̀ ló sì fi ń ṣe oúnjẹ. Bó bá tó àkókò, á hun òwú bo ara rẹ̀. Òwú náà máa ń lẹ̀, erùpẹ̀ àti fọ́nrán rọ́ọ̀gì á sì bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kọjá láìmọ̀.

Nínú òwú yẹn ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Oògùn tí ẹ fọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀. Yọ́rọ́ tó ti dàgbà tán lè jókòó sínú òwú fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa dúró de ẹni tí yóò jẹ. Bó bá gbọ́ ìmì ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, tó gbọ́ ooru ara, tó gbọ́ èémí wa, kíá ló jáde. Ní ilẹ̀ tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin bíi tiwa, láti ẹyin di àgbà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Àwọn onímọ̀ máa ń fojú bù ú pé nínú 100 yọ́rọ́ tó wà nínú ilé kan, nǹkan bí 5 péré ló ti dàgbà tó wà lára ẹran. Ẹyin, ìdin àti èyí tó wà nínú òwú ni 95 yòókù, ilẹ̀ ilé ni gbogbo wọn sì wà. Ẹni tó wá kọjú ìjà sí ajá nìkan, 5 ló ń bá jà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Èyí ló fa ohun tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu nígbà tí ẹ bá kó lọ sí ilé tuntun. Ẹ ti san owó ilé, ẹ ti san owó àgbàsọ, wọ́n ní yàrá náà ti ṣófo fún oṣù mẹ́ta, ẹ kò sì ní ajá. Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ kó wọlé gan-an, ẹsẹ̀ yín ti kún fún ojú ìjẹ, àwọn kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹnì kan ló fi nǹkan sílẹ̀ dè wọ́n. Ọmọ mi, kò sí ẹni tó ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹni tó kó jáde ló sin ajá tàbí ológbò, òwú wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ yín ló jí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àga àlòkù àti rọ́ọ̀gì àlòkù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ṣe máa ń gbé e wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ sá a sí oòrùn gbígbóná kó tó wọ yàrá, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì tú tìmùtìmù rẹ̀ wò.

Kí wá ni ṣíṣe? Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sì rọrùn fún ẹni tó ti dúró nídìí ẹ̀rọ fún wákàtí 12. Síbẹ̀, òun ló ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ṣe ilé àti ẹran. Bí ẹ bá ṣe ajá lónìí, tí ẹ wá ṣe yàrá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, asán ni. Ẹ sún bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri. Ẹ gbé àga síta. Ẹ gbá gbogbo igun, abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ibi tí ajá máa ń dùbúlẹ̀ sí jù lọ. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kí eruku má baà fò, kí ẹ di ohun tí ẹ gbá sínú ọ̀rá, kí ẹ so ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ gbá jọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé ẹ ó dà á nù lọ́la, òru ni ìdin rẹ̀ ń padà síbi tó ti wá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ nu ilẹ̀, kí ẹ dà á sínú gbogbo ibi tí sìmẹ́ńtì ti là. Bí owó bá wà, ẹ pe bíríkìlà kó dí àwọn ihò wọ̀nyẹn, nítorí pé níbẹ̀ ni ìdin ń gbé.

Aṣọ ibùsùn yín, aṣọ tí ajá ń sùn lé, aṣọ ìkélé tó ń gbá ilẹ̀, omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n, kí oòrùn sì pa wọ́n gbẹ pátápátá. Fóòmù kò ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé sá; ẹ gbé e síta láti òwúrọ̀, ẹ yí i padà ní ọ̀sán. Ìdin yọ́rọ́ kò lè fara da ibi gbígbẹ àti oòrùn tààrà. Ìdí nìyí tí ọyẹ́ fi máa ń bá wa dín wọn kù, tí wọ́n sì máa ń ya bo ilé nígbà òjò, tí ilẹ̀ wa kì í gbẹ tí aṣọ náà kì í sì í gbẹ. Nípa rọ́ọ̀gì, èrò tèmi ni pé ilé tí ajá ń wọ̀ kò nílò rọ́ọ̀gì. Ilẹ̀ tó ṣeé nù tó fún yín. Ẹni tí kò bá lè jáwọ́ nínú rẹ̀, kó máa gbé e síta gbọn lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Ẹ máa gbálẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù kan, ó kéré tán. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì bí ẹ bá tún rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó wà nínú òwú lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbálẹ̀ ló ń jáde. Bí wọ́n ti ń jáde, tí wọ́n sì ń bá ẹran tí oògùn wà lára rẹ̀ pàdé, wọ́n ń kú kí wọ́n tó yé ẹyin. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á jáwọ́, tí wọ́n á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń dín kù, ẹ bu omi ọṣẹ sínú àwo tó tẹ́jú, ẹ gbé e sílẹ̀ lálẹ́ kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i lórí. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru máa ń fa àwọn tó ti dàgbà wá, ọṣẹ kò sì ní jẹ́ kí wọ́n lè fò jáde. Èyí kò ní pa wọ́n tán, ṣùgbọ́n ẹ ó lè rí i láràárọ̀ bóyá iye wọn ń lọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé ojú-kojú, tí yàrá mẹ́wàá ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Mo mọ ilé kan bẹ́ẹ̀ tí ìjà fẹ́ẹ̀ tú ká nítorí yọ́rọ́. Ayálégbé kan ṣoṣo ló ní ajá, gbogbo ilé sì dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó lé ajá rẹ̀ tàbí kó kó jáde. Ó fọ ajá, ó gba abẹ́rẹ́ fún un, ó gbá yàrá rẹ̀, yọ́rọ́ kò lọ. Ìyá àgbà kan tó ń ta ògì níwájú ilé ló ní kí wọ́n wo abẹ́ àtẹ̀gùn. Ológbò aláìní-olówó kan ti bímọ síbẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì àti aṣọ àkísà. Ibẹ̀ ni yọ́rọ́ ti ń tàn ká gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó bá ara yín jà, ẹ jọ yẹ ilé wò: abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn táńkì omi, ilé ìdáná tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, ibi tí ewúrẹ́ onílé ń sùn sí, nítorí ewúrẹ́ pàápàá ń ní in. Kí ẹ sì mú ọjọ́ kan, bóyá ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, tí gbogbo yàrá yóò jọ gbálẹ̀ pọ̀. Bí ẹnì kan bá yọwọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò ti padà wá.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ohun tó wà nínú Sniper àti ọ̀pọ̀ ọ̀tapíàpíà tí wọ́n ń kiri tà ni dichlorvos, tí àwọn kan ń pè ní DDVP. Oògùn oko ni. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títà á nínú ìgò kékeré ní ilé ìtajà àti nínú ọjà, nítorí pé ó ń pa ènìyàn. Awọ ara ló ń gbà wọlé, èémí ló ń gbà wọlé. Ajá tí ẹ dà á lé lórí á fi ahọ́n lá ara rẹ̀, á sì mu ún. Ọmọ tó di ajá náà mọ́ra á fi ọwọ́ kan ẹnu. Ẹ̀yin náà ẹ ó fọ́n ọn sí yàrá tí kò ní ju fèrèsé kan lọ, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹ ó sì sùn síbẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ ń dúró dè yín láàárọ̀ ọ̀la. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é mọ́. Bí ẹ bá rí ènìyàn tàbí ẹran tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdúró, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí dúdú àárín ẹyinjú rẹ̀ sún kì, tí kò lè mí dáadáa, lẹ́yìn irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ́. Ẹ má jókòó ti fífún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Oògùn tó ń ṣẹ́gun májèlé yìí wà nílé ìwòsàn, ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń wá epo ni ẹ̀mí fi ń lọ.

Kẹrosíìnì àti òróró ẹ́ńjìnnì máa ń jó ara ajá, ó sì léwu fún un bó bá lá a. Kò yẹ kí n tún máa sọ èyí fún ọmọ tó ka ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò, ẹ tẹ́tí sí mi lọ́tọ̀. Oògùn ajá kan wà tí permethrin wà nínú rẹ̀. Ajá ń fara dà á. Ara ológbò kò lè tú u palẹ̀, ó lè gbọ̀n rìrì títí yóò fi kú. Ẹ má ṣe pín oògùn ajá sí méjì kí ẹ fún ológbò ní ìdajì. Bí ajá àti ológbò bá jọ ń sùn, kódà èyí tí ẹ fi sára ajá lè pa ológbò tó bá fi ara kan án. Ẹ ka ara páálí, kí ẹ rí i pé wọ́n kọ irú ẹran tó wà fún àti ìwọ̀n rẹ̀. Ọmọ ajá àti ọmọ ológbò kékeré kò gbọ́dọ̀ gba oògùn kankan láìjẹ́ pé dókítà ẹran sọ ọ́. Òòyà àti omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló wà fún wọn. Bí ẹ bá ń wẹ ajá pàápàá, ọrùn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ fi ọṣẹ yí ká, kí yọ́rọ́ má baà sá gun orí lọ sínú etí àti ojú, kí ẹ tó wá sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn. Kí ọṣẹ wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó fi omi ṣàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ rí dókítà ẹran. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín rò pé ti olówó nìyẹn. Ẹ ṣírò iye tí ẹ ti ná lórí ọ̀tapíàpíà láàárín oṣù mẹ́fà, kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn, òmíràn tí wọ́n ń fún ẹran jẹ, òmíràn tí kì í jẹ́ kí ẹyin yọ́rọ́ pa. Dókítà ló mọ èyí tó bá ẹran yín mu. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó le, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, FUNAAB, ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹran níṣẹ́. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá yín pẹ̀lú, kí ẹ sì máa tún un gbà bí wọ́n bá ṣe sọ. Yọ́rọ́ ń yọ ènìyàn lẹ́nu. Dìgbòlugi ń pa á, bó bá sì ti farahàn lára, kò sí ìwòsàn.

Inú mi kì í dùn bí mo bá rí àwọn ọmọ ajá tí kò tíì yẹ kí wọ́n kúrò lẹ́nu ọmú, tí wọ́n kó sínú páálí lẹ́bàá ọ̀nà láti tà. Yọ́rọ́ lè mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ajá títí yóò fi gbẹ. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó: bí èrìgì rẹ̀ bá funfun dípò kó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, dókítà ló kàn. Ọmọ ènìyàn náà ní ìpín tirẹ̀. Aràn pẹlẹbẹ kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú yọ́rọ́. Ọmọdé tó ń rá lórí ilẹ̀, tó fi ọwọ́ kó yọ́rọ́ sẹ́nu, lè ní aràn náà. Ìyá rẹ̀ á rí ohun funfun bí irúgbìn ìrẹsì nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ó ní oògùn, kò sì le, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà pé ajá wà nílé. Ajá náà ní láti gba oògùn aràn, nítorí bí ó bá ń fi eyín họ ara, ó ń gbé yọ́rọ́ mì.

Jìgá, kòkòrò tó ń wọ inú ẹsẹ̀ ènìyàn, ìbátan yọ́rọ́ ni òun náà. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá; ọkọ̀ ojú omi tó ti Brazil bọ̀ ló gbé e dé Angola ní 1872, ó sì tàn ká ilẹ̀ wa. Ní 2007, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde lórí Erékìtì, abúlé kan lẹ́bàá Bàdágìrì. Nínú ènìyàn 557 tí wọ́n yẹ̀ wò, 252 ló ní jìgá lára. Ohun tí wọ́n rí pé ó fà á jù lọ ni ilẹ̀ yàrá tí kò ní sìmẹ́ńtì; ẹlẹ́dẹ̀ tó ń rìn kiri àgbàlá àti ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà tó bò ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàdágìrì kò jìnnà sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé tí ẹ kò tíì parí, tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ iyanrìn, tí ajá àti ọmọ sì jọ ń yí lórí rẹ̀, kí ẹ tó ra tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ́kọ́ da sìmẹ́ńtì sílẹ̀.

Ẹ béèrè ìtàn Èkó pẹ̀lú. Ní 1924, àrùn kan wọ ìlú náà, tí kókó ń wú sí abẹ́ itan àti abíyá ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ sì ń kú. Kò kúrò nílẹ̀ títí ó fi wọ àwọn ọdún 1930. Eku ló gbé e, yọ́rọ́ ara eku ló sì ń fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn. Paul-Louis Simond, onímọ̀ ará Faransé, ti fi èyí hàn ní Karachi láti 1898. Ìjọba amúnisìn ń pa eku, wọ́n ń wó ilé tó fún pọ̀ jù, ní 1928 wọ́n sì dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú náà tò. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe àrùn yẹn ni ajá Sàngó ń kó ràn yín. Mo sọ ọ́ nítorí pé eku ń bẹ ládùúgbò wa, níbi tí oúnjẹ àti pàǹtí ilé-iṣẹ́ kò ti wọ́n. Bí eku bá kú sínú àjà ilé yín, yọ́rọ́ ara rẹ̀ á wá ibòmíràn jẹun. Ẹ wá òkú eku náà kàn, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e, ẹ gbá ibi tó kú sí kí ẹ sì nù ún.

Ó ku ẹ̀yin máígádì àti ọlọ́dẹ ilé-iṣẹ́, nítorí pé ìyà àwọn ajá ọ̀dọ̀ yín dùn mí jù. Ẹran kan á dúró sẹ́nu géètì tọ̀sán-tòru, á máa sọ́ ọjà olówó ńlá, kò sì ní ju àkísà kan àti ìyẹ̀ pákó tí wọ́n kò pààrọ̀ láti ọdún tó kọjá lọ tó ń sùn lé. Ìyẹ̀ pákó yẹn kún fún òwú yọ́rọ́, ẹ̀yin náà sì ń gbé e lọ sílé nínú sọ́kísì yín. Ẹ kó o jáde, ẹ sun ún. Ẹ fi pákó tó ga sókè díẹ̀ sí ilẹ̀ dípò rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó ṣeé fọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé owó dókítà ajá jẹ́ ara owó ààbò, bí owó iná géètì. Bí wọ́n bá fún ajá náà ní oògùn, ẹ kọ orúkọ oògùn àti ọjọ́ tí wọ́n lò ó sínú ìwé tí ẹ fi ń gbàṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín, kí ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ òru lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n tún un lò.